Òjé tí Wọ́n Tẹ̀ Mọ́lẹ̀ Lójú Kọ̀ǹpútà

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní díbọ́n pé inú ò bí mi. Èmi ni Olúwafúnkẹ́mi, Ìyá Divine lẹ́nu àwọn ará àdúgbò, aránṣọ lẹ́yìn ojú irin ní Agége, níbi tí ilé gbígbé àti ilé-iṣẹ́ ti jọ ń fi ògiri kan ṣoṣo pààlà. Ọ̀rọ̀ Damaris ni mo fẹ́ sọ, ọmọbìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń pè é ní aláìmoore káàkiri. Aláìmoore ta ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí olúkúlùkù fi etí ara rẹ̀ gbọ́, kó wá mọ ẹni tó yẹ kó bú.

Omi ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, omi ìjọba kò yọ ní òpópónà wa rí. Ẹni tó bá lágbára á gbẹ́ bọ́hóòlù, ẹni tí kò bá lágbára á gbé kẹ́ẹ̀gì. Alhaji Sàláwù, alága ẹgbẹ́ onílé wa, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta táyà, gbẹ́ tiwọn, wọ́n sì yọ ẹnu ẹ̀rọ kan síta ògiri kí gbogbo ayé máa pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣe é fún ìyá wọn tó ti kú. Nínú ẹ̀sìn wọn, sàráà omi kì í tán: bí omi bá ti ń ṣàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀san ń bá òkú lọ. Àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì la jọ ń pọn ọ́n. Divine, ọmọbìnrin mi, bó bá ti ilé ìwé dé, kì í dúró de ife. Ẹnu ẹ̀rọ yẹn ló máa ń gbé ẹnu sí tààrà.

Ní òpin òpópónà wa kan náà ni ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, kí wọ́n lè rí òjé inú rẹ̀ kó jáde, irin olóró tí òyìnbó ń pè ní lead. Èéfín wọn ń bà lé aṣọ tí a bá sá, omi dúdú ń gba abẹ́ ògiri wọn jáde nígbà òjò. Àwọn ọmọ ń kígbe inú rírun, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló wà nínú omi wa. A pariwo títí ohùn fi há. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn fúnra wọn á mú àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wá láti Ìkẹjà tí yóò yẹ omi wò. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ná: ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló lọ háyà adájọ́! Àwa sì gbà, torí kí la fẹ́ ṣe?

Damaris ni wọ́n rán wá. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ yẹ̀rì gígùn, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ó gbé ìgò kéékèèké wá, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Bó bá dé ìdí ẹ̀rọ, á jẹ́ kí omi ṣàn dànù ná kó tó gba tirẹ̀, kó má baà jẹ́ omi tó ti sùn nínú páìpù ló máa gbé lọ. Á wá fi fóònù gba ojú ibi tí kànga náà wà. Oòrùn mú un, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá sinmi, bí a ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn. Ó sọ fún mi pé ìwọ̀nba ni ti omi gbígbà, pé orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ òun gan-an wà.

Mo ní kó là á yé mi. Ó wo òpópónà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Divine, ẹ jẹ́ ká ní ẹnìkan ń dín ẹja ní street yín yìí. Ilé méjì tó fara kan ara wọn, òórùn kan náà ni wọ́n máa gbọ́, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ wá mú ilé kan níbí, kẹ́ ẹ mú òmíì ní Maryland. Èyí gbọ́ òórùn ẹja, ìyẹn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàtọ̀ yẹn ni mò ń wá."

Ó ní òun á máa mú kànga ní méjì-méjì. Ọ̀nà tó wà láàárín wọn, òun á fi sórí ìlà tó dùbúlẹ̀. Ìyàtọ̀ òjé inú wọn, òun á fi sórí ìlà tó dúró. Kọ̀ǹpútà á wá fi àmì róbótó-róbótó hàn. Bí àmì bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tó ń gòkè bí ọ̀nà ṣe ń jìn, á jẹ́ pé kànga tó sún mọ́ra jọra, tó bá sì jìnnà, ó yàtọ̀: ẹnìkan ń dín ẹja níbì kan nìyẹn. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, á jẹ́ pé ìtòsí àti ọ̀nà jíjìn kò yàtọ̀, kò sí ibì kan pàtó tí èèyàn lè nàka sí. Fáríógíráàmù ló pe àwòrán náà. Mo ní kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ gùn tó báyìí, ó ní àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò pe òun síbi ìkómọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò dé, tó kó àwọn nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà, àwọn àmì náà jáde ketekete. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń gòkè bí àtẹ̀gùn, kí wọ́n tó wá tẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Ó ní inú òun kọ́kọ́ dùn. Iṣẹ́ tó bá jáde dáadáa, ó máa ń wu oníṣẹ́. Àfi ìgbà tó ṣí àwòrán ilẹ̀ àdúgbò wa, tó rí i pé ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ oníbátìrì ni òjé pọ̀ sí jù, pé bọ́hóòlù Alhaji Sàláwù ló sì pupa ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó rántí Divine tó rí lọ́jọ́ tó wá gba omi, tó gbé ẹnu sábẹ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ́ Olúṣínà. Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó", ẹ má bá mi wí; àgbà tó bá da ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ nù kò gbọdọ̀ wá a wá sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Òótọ́ ni pé òun ló kọ́ Damaris níṣẹ́. Ó fi sùúrù kọ́ ọ, ó gbà á síṣẹ́ nígbà tí àwọn ọ́fíìsì mìíràn ń béèrè pé ta ló mọ̀. Orí ìyẹn náà ni wọ́n gùn tí wọ́n fi ń pè é ní aláìmoore. Ó dé ẹ̀yìn Damaris lọ́jọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Damaris, graph yìí ti ga jù. Client ò ní gbà á."

"Bó ṣe jáde nìyẹn o, sà."

"Mo mọ̀. Mi ò ní kó o fọwọ́ kan data. Lọ sí display settings."

Ó ní kó pa ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń fúnra rẹ̀ yan gíga ìlà tó dúró, kó fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà gàgàrà kan sí òkè rẹ̀. Damaris tẹ̀ ẹ́. Gbogbo àmì tó ń gòkè wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sùn sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára. Ó ní kó sọ àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ ìlà di kékeré tí ojú kò ní lè kà, kó sọ ìlà tó gba àárín àwọn àmì kọjá di gbàǹgbà, kó kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ti àwòrán ilẹ̀ náà, ó ní kí àwọ̀ pupa má ṣe bẹ̀rẹ̀ àfi ní iye tí kànga kankan kò dé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò wa ṣe di àwọ̀ ewé lójú kọ̀ǹpútà, àwa tí a kò ní igi kan ṣoṣo.

"Ṣé a yí figure kankan?" Olúṣínà bi í.

"Rárá, sà. Àmọ́ àwọn èèyàn á rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ohun tí wọ́n bá rò, àwọn ló rò ó. Display lásán ni, Damaris. Ẹni tó bá fẹ́ figure, ó wà nínú report."

Display lásán! Mo ní dígí ńlá kan ní ṣọ́ọ̀bù mi. Bí mo bá lọ ra èyí tó ń mú kí èèyàn rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí mo gbé e síwájú oníbàárà tí aṣọ fún mọ́ lára, mi ò fọwọ́ kan ara rẹ̀, mi ò sì purọ́ kankan fún un. Ṣùgbọ́n ó máa wọ aṣọ yẹn jáde, aṣọ á sì ya lójú àwùjọ. Ta ló tàn án jẹ? Kò dìgbà tí èèyàn bá la ẹnu kó tó purọ́.

Damaris kò bá ọ̀gá rẹ̀ jà. Ó sọ fún mi pé òun sọ fún ara òun pé wọ́n á ṣáà pín nọ́ńbà fún àwọn onílé, pé ẹni tó bá mọ̀wé nínú wọn á rí òótọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá wá iṣẹ́ rí ni kó sọ ọ́ lókùúta.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wá fi èsì hàn wá, ní ilé kéú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n, àwọn onílé jókòó níwájú, Alhaji Sàláwù wà lórí àga alága. Wọ́n fi Fátíà ṣí ìpàdé. Olúṣínà wọ kóòtù nínú ooru yẹn, ó fi purojẹ́kítọ̀ ju àwòrán sára ògiri, Damaris sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wo ìka ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa," ni Olúṣínà wí, "a ti fi ẹ̀rọ ìgbàlódé yẹ omi yín wò. Ẹ wo ìlà yìí. Ṣé ẹ rí i bó ṣe tẹ́?"

A rí i. Ó tẹ́ bí àkéte. Ibi tó ti rí wa mú nìyẹn, torí kò sí ẹni tó là á yé àwọn èèyàn pé ìyàtọ̀ láàárín kànga àti kànga ni ìlà náà ń wọ̀n. Gbogbo gbọ̀ngàn rò pé òjé fúnra rẹ̀ ni, pé ìlà tó bá sùn sílẹ̀, òjé ló sùn sílẹ̀. Ẹnìkan ké "Alihamudulilahi!", ẹlòmíì ní "Ògo!", àtẹ́wọ́ sọ. Èmi nìkan ni mo ń wo Damaris, torí ìlà tó ń gòkè ló sọ fún mi pé òun ń wá, bó bá sì jẹ́ òótọ́ ló tẹ́ pẹrẹsẹ, kò yẹ kó jókòó bí ẹni tí wọ́n gba aṣọ lára rẹ̀. Bàbá kan béèrè iye òjé tó wà nínú kànga tiẹ̀. Olúṣínà ní report wà ní ọ́fíìsì, kí wọ́n kọ ìwé béèrè.

Alhaji Sàláwù dìde. Ayọ̀ hàn lójú wọn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n ní ọkàn àwọn kò balẹ̀ láti ìgbà tí ariwo omi ti bẹ̀rẹ̀, pé oorun kò kun àwọn. Wọ́n ní nígbà tí Ọlọ́run ti wá fi hàn pé omi dára, àwọn máa yọ ẹnu ẹ̀rọ méjì mìíràn síta ògiri, ọ̀kan á kọjú sí ilé ìwé, kí àwọn ọmọ má baà máa tò pẹ́. Àtẹ́wọ́ tún sọ. Mo rí Damaris tó gbé orí sókè, ó ń wo Alhaji.

Ó kù kí ìpàdé parí. Lọ́dọ̀ wa, bí Mùsùlùmí bá fi àdúrà ṣí i, Kìrìsìtẹ́nì ni yóò fi àdúrà pa á dé, bí àdúrà ìparí bá sì ti wáyé, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó bá tún gbé e dìde, ìjà ló ń wá. Olúṣínà mọ àṣà yìí, ó ti ń ká wáyà tí kò lò mọ́, àwòrán ṣì wà lára ògiri. Pásítọ̀ tó máa ń gbà á fún wa kò sí nílé. Alhaji wo yíká, wọ́n rẹ́rìn-ín sí Damaris.

"Ọmọ mi, ẹ̀yin ìjọ aláṣọ funfun lẹ mọ àdúrà gbà. Wá fi àdúrà tú wa ká."

Damaris dìde. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ìjọ wọn, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó di ojú.

"Baba, a dúpẹ́ fún ẹ̀mí wa."

"Àmín!"

"A dúpẹ́ fún Alhaji, àti fún àánú tí wọ́n ń fi omi ṣe."

"Àmín!"

"Ìwọ Ọlọ́run tó ń rí ìkọ̀kọ̀, ìwọ lo mọ̀ pé ìlà tó wà lára ògiri yìí ò tẹ́."

"Àmín!" Gbogbo gbọ̀ngàn ló ṣe é tọkàntọkàn. Ẹnu ti mọ́ ọn. Etí kò tíì gbọ́.

"Ìwọ lo mọ̀ pé ó ń gòkè ni, Baba. Èmi Damaris ni mo fi ìka mi tẹ nọ́ńbà tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Dárí jì mí."

Àmín tó tẹ̀lé ìyẹn kò dé ẹnu ọ̀nà. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ní ìkọ̀ọ̀kan. Olúṣínà wúkọ́. Ó tún wúkọ́.

"Damaris, it's okay. Ó ti tó."

"Ẹ dákẹ́ jàre!" Ìyá àgbà kan ló jágbe mọ́ ọn láti ẹ̀yìn mi. "Àdúrà là ń gbà! Ṣé wọ́n kì í já lu àdúrà nílé yín?"

Alhaji na ọwọ́ kan láti fi pa Olúṣínà lẹ́nu mọ́. Wọn kò la ojú. Àtẹ́lẹwọ́ kejì ṣì ṣí sílẹ̀ níwájú wọn. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó dá èèyàn dúró níbi tó ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀? Kóòtù Olúṣínà kò ràn án lọ́wọ́. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, ó ń làágùn.

"Baba, òjé wà nínú omi yìí," Damaris ń bá a lọ. "Kànga tó bá ti sún mọ́ ilé-iṣẹ́ oníbátìrì, òjé tiẹ̀ pọ̀. Ti Alhaji ló pọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀. Wọn ò mọ̀, Baba. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n yọ ẹnu ẹ̀rọ méjì. Má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ kankan tún mu ún. Bí wọ́n bá lé mi níṣẹ́, ìwọ lo ni mí. Ní orúkọ Jésù."

Ẹnìkan ṣoṣo ló ṣe àmín. Alhaji Sàláwù ni. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú wọn, wọ́n sì la ojú.

"Ọmọ mi, dá ìlà yẹn padà sí bó ṣe wà."

"Alhaji, ẹ má dá a lóhùn," Olúṣínà bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ yìí ò gbádùn ni, technical issue ni ọ̀rọ̀ yìí, kò lè yé..."

"Ọ̀gbẹ́ni, mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀."

Damaris lọ sídìí kọ̀ǹpútà láìwọ bàtà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àmì náà gbéra nílẹ̀ lára ògiri, wọ́n ń gòkè títí wọ́n fi dé abẹ́ àjà. Lẹ́yìn náà ló dá àwọ̀ àwòrán ilẹ̀ padà, pupa sì bo òpin òpópónà wa. Àwọn ìyá kan kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọjá, wọ́n ń gbé ọmọ wá síwájú, wọ́n ń wo ojú wọn.

Níbẹ̀ náà ni Olúṣínà ti lé e. Ó ní kó má fẹsẹ̀ kan ọ́fíìsì òun mọ́, pé lẹ́yìn gbogbo oore tí òun ṣe é, ó lo orúkọ Ọlọ́run láti ba òun jẹ́. Mo dáhùn, mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní ta ló lo orúkọ Ọlọ́run? Ìwọ tó o jẹ́ kí gbogbo gbọ̀ngàn fi orúkọ Rẹ̀ yọ̀ lórí májèlé, tàbí ẹni tó sọ òótọ́ fún Un? Ó kó purojẹ́kítọ̀ rẹ̀, ó lọ. Bí ẹ bá rí àwọn tó ń pe Damaris ní aláìmoore, ẹ bi wọ́n pé oore wo ló tó kí èèyàn pa ẹnu mọ́ lórí irú èyí. Ilé-iṣẹ́ oníbátìrì ṣì ń rú èéfín títí di òní, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Alhaji Sàláwù kò dúró gbọ́ ìjà wa. Wọ́n ti jáde lọ sídìí ẹ̀rọ, a tẹ̀lé wọn. Kẹ́ẹ̀gì tò lọ rẹrẹ, torí àwọn tí kò wá sípàdé kò mọ nǹkan kan. Alhaji tẹ̀ síwájú, wọ́n ti ẹnu ẹ̀rọ náà pa, omi dá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, tí ó kàn láti pọn omi, kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, kẹ́ẹ̀gì kan péré. Ògì ọmọ yìí ni mo fẹ́ fi pò."

"Omi yìí ò dáa mọ́, ọmọ mi," ni Alhaji wí. Ohùn wọn kò lọ sókè. "Ó ti tó ìgbà wo tó o ti ń fún un mu?"

Ọmọbìnrin náà rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Há, Alhaji! Láti inú oyún ẹ̀ ni. Omi míì ò kan ẹnu mi. Ọlọ́run á san yín lẹ́san o, á tẹ́ ìyá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Bẹ́ ẹ ṣe tọ́jú ọmọ wa, Ọlọ́run á tọ́jú tiyín."

Ó ń retí àmín. Alhaji kò ṣe àmín sí èyí; àdúrà yẹn ti di èpè. Ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò.